Jíjọra Láìdọ́gba: Eléré Họ́kì Ìgbafẹ́ àti Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Tí Ó Fi Ara Rẹ̀ Wé

Láàrin àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń gbá họ́kì orí yìnyín fún ìgbádùn ní ilẹ̀ Kánádà, gbólóhùn kan wọ́pọ̀ tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ fi ara balẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹnì kan yóò sọ pé bí Nicklas Lidström ni òun ṣe ń gbá, òmíràn yóò ní ti Bobby Orr ni ti òun, ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò sì ní ọ̀dọ̀ Jarome Iginla ni òun ti mú ohun tí òun ń ṣe níwájú àwọ̀n. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọmọdé. Òṣìṣẹ́ báńkì wà nínú wọn, olùkọ́ wà níbẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì mọ̀ dájú pé bí a bá gbé àwọn àti ẹni tí wọ́n dárúkọ sí orí yìnyín kan náà, ìṣẹ́jú kan kò ní pé kí ìyàtọ̀ tó hàn. Síbẹ̀ wọn kò ka ọ̀rọ̀ náà sí irọ́, àwọn tí ń gbọ́ ọ kò sì pè é ní irọ́. Irú òtítọ́ wo ni ó lè wà nínú irú àfiwé bẹ́ẹ̀, kí sì ni àfiwé náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni àròkọ yìí dojú kọ.

Eléré ìgbafẹ́ ni a ó máa pe ẹni tí kò fi eré jẹun, tí ó jẹ́ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dáwó jọ láti háyà pápá yìnyín, tí wọ́n sì sábà máa ń ṣeré lóru nítorí pé àwọn ọmọdé àti àwọn ikọ̀ ńlá ti gba àkókò tí ó dára tán. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni ẹni tí eré jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, pàápàá jùlọ nínú líìgì NHL tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Montreal ní oṣù kọkànlá ọdún 1917. Ní ti eré náà, ìlú Montreal yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá a nínú ilé ní ìlànà tí ó létò, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1875. Lórí pápá NHL tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 200 ẹsẹ̀ bàtà, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 85, ènìyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: aṣọ́lé kan, àwọn méjì tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, àti atamátàsé mẹ́ta níwájú. Bàtà tí irin pẹlẹbẹ wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ọ̀pá tí ó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n sì fi ń gbá pọ́ọ̀kì, èyí tí í ṣe rọ́bà líle roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́ta, tí wọ́n máa ń fi sínú òtútù kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ kí ó má baà máa ta sókè. Eré náà ń tán agbára débi pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kì í sábà lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ kí ó tó jáde fún ẹlòmíràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tako àfiwé tí a ń sọ yìí kò ní wá ẹ̀rí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wayne Gretzky, ọmọ ìlú Brantford ní ìpínlẹ̀ Ontario, fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1999 pẹ̀lú ayò 894 àti pásì 1,963 tí ó yọrí sí ayò, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,857. Bí a bá tilẹ̀ gbé gbogbo ayò rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pásì rẹ̀ nìkan pọ̀ ju ayò àti pásì ẹnikẹ́ni mìíràn lápapọ̀ nínú ìtàn líìgì náà. Ó di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025 kí Alexander Ovechkin tó gbá ayò 895, kí ó tó kọjá rẹ̀ nínú iye ayò. Kí ni ẹni tí kò lè fi ẹ̀yìn yọ̀ láìṣubú ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Plato, onímọ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, ti fi ìpìlẹ̀ iyèméjì yìí lélẹ̀ nínú ìwé kẹwàá Republic, níbi tí ó ti sọ pé ẹni tí ó ya àwòrán ibùsùn jìnnà sí òtítọ́ ní ìpele mẹ́ta, nítorí pé ohun tí káfíńtà kàn ni ó ń fara wé, ohun tí káfíńtà kàn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àfarawé ibùsùn tòótọ́ kan ṣoṣo tí ojú kò rí. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé bí ó ti wà, òjìji òjìji ni eléré ìgbafẹ́ tí ó wo Lidström lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó wá lọ ń ṣe bí ó ti rí i, ń lé kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí ti ka jíjọra sí dídọ́gba, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣìnà. Thomas Aquinas, àlùfáà ìjọ Àgùdà ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó kú ní ọdún 1274, dojú kọ ìbéèrè tí ó wúwo ju ti họ́kì lọ fíìfíì, èyíinì ni bóyá ẹ̀dá lè jọ Ẹlẹ́dàá. Ó dáhùn pé ẹ̀dá lè jọ Ọlọ́run ní ọ̀nà kan, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yí i padà kí a wí pé Ọlọ́run jọ ẹ̀dá, gẹ́gẹ́ bí a ti lè sọ pé ère jọ ènìyàn, tí a kò sì ní sọ pé ènìyàn jọ ère. Ohun tí Aquinas rí ni pé oríṣi jíjọra kan wà tí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń gbà, tí ó ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí kì í padà bọ̀. Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: ọmọ ni ó ń jọ bàbá, bí ẹnì kan bá sì ní bàbá jọ ọmọ, àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò rò pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Nítorí náà ẹni tí ó ní òun ń gbá bí Lidström kò sọ pé Lidström ń gbá bí òun, kò sì sí ìgbéraga kankan nínú gbólóhùn tí ó ti fi ipò àwọn méjèèjì hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá pàápàá kò bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nínú àwọn òṣùwọ̀n tí Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe ìdájọ́ ère nílẹ̀ Yorùbá, jíjọra wà níbẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó má jọ ọ́ jù, kí ó má sì yàtọ̀ jù.

Bí jíjọra bá ti yàtọ̀ sí dídọ́gba báyìí, ó ku kí a mọ ohun náà gan-an tí ó jọra. Agbára kọ́, eré sísá kọ́, iye ayò kọ́. Ọnà ìṣeré ni, èyí tí a lè túmọ̀ sí ètò àwọn ìpinnu tí eléré ń ṣe léraléra: ohun tí ó ń ṣe ṣáájú, ohun tí ó ń fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ibi tí ó ń dúró sí nígbà tí pọ́ọ̀kì kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ewu tí ó gbà láti fojú kàn àti èyí tí ó kọ̀. Ètò lè jẹ́ ọ̀kan náà nígbà tí ìwọ̀n yàtọ̀, ẹ̀rí èyí sì wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ń sọ Yorùbá. Bí a bá fi ẹ̀rọ wọn ohùn òkè tí bàbá àgbà fi pe ọ̀rọ̀ kan, ó lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí pé ohùn àgbà nípọn, ti ọmọdé sì tín-ínrín. Síbẹ̀ ọkọ́ ni ọkọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ni bí ohùn kan ṣe ga sí èkejì lẹ́nu ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ó ṣe ga tó lójú ẹ̀rọ. Àròkọ yìí gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọnà ìṣeré rí, pé eléré ìgbafẹ́ lè pe ọ̀rọ̀ kan náà tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pè, ní ohùn tirẹ̀ tí ó kéré.

Nicklas Lidström ni ó dára jù láti fi yẹ èyí wò. Ọmọ ilẹ̀ Swídìn ni, ó ṣọ́ ẹ̀yìn fún ikọ̀ Detroit láti ọdún 1991 títí di 2012, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Norris, tí wọ́n ń fún ẹni tí ó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù lọ́dọọdún, nígbà méje. Nínú ìdíje 1,564 tí ó gbá ní àkókò ìdíje líìgì, ìṣẹ́jú 514 péré ni wọ́n fi í jókòó sí àpótí ìjìyà, ìyẹn kò sì tó ìṣẹ́jú kan fún ìdíje méjì. Ohun ìyanu ni èyí jẹ́ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídènà àwọn tí ń sáré bọ̀ wá kọ lu ilé. Kò fi ipá lé ẹnikẹ́ni. Ibi tí ó yẹ ni ó ti máa ń dúró kí ọ̀tá tó dé, ó ti na ọ̀pá rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí pásì fẹ́ gbà, ẹni tí ń bọ̀ yóò sì rí i pé ọ̀nà ti dí láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tí kò lè sáré mọ́, tí ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lóru ọjọ́ Tuesday nínú líìgì tí wọn kì í ti í gbà kí ènìyàn fi ara gbá ara, lè ṣe èyí ní ìwọ̀n tirẹ̀: ó lè kọ̀ láti sáré tọ pọ́ọ̀kì nígbà tí kò yẹ, ó lè dúró sáàárín ọ̀tá àti àwọ̀n, ó lè fi pásì kúkúrú tí kò ní ewu ṣíwájú èyí tí yóò mú àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bí ó bá ń ṣe èyí nígbà gbogbo, àfiwé rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Ti Bobby Orr kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Kí Orr tó dé sí ikọ̀ Boston, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni kí ó jókòó sí. Orr gbé pọ́ọ̀kì láti iwájú àwọ̀n tirẹ̀, ó sì yọ̀ gba àárín pápá kọjá títí dé iwájú àwọ̀n ọ̀tá, débi pé òun nìkan ni aṣọ́-ẹ̀yìn tí ó tíì gba àmì-ẹ̀yẹ Art Ross, èyí tí í ṣe ti ẹni tí àpapọ̀ ayò àti pásì rẹ̀ pọ̀ jù nínú líìgì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì gbà á, ní sáà 1969–70 àti 1974–75. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kì í tètè rí nínú eré Orr ni ìpadàbọ̀: bí wọ́n bá gba pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò ti yọ̀ padà dé ẹ̀yìn kí ewu tó dé ibẹ̀. Ìlọ àti àbọ̀ ni ọnà rẹ̀. Eléré ìgbafẹ́ tí ó mú ìlọ nìkan, tí ó fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn mẹ́ta tí ń bọ̀, kò pe ọ̀rọ̀ náà ní ohùn kékeré; ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ni ó pè, nítorí pé ìdajì Orr kì í ṣe Orr kékeré. Orúnkún Orr gan-an san gbèsè ìlọ àti àbọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ abẹ léraléra kò gbà á là, ó sì fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1978 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìgbàgbọ́, nítorí pé àwọn ẹ̀sìn ni wọ́n ti ronú jinlẹ̀ jùlọ lórí ohun tí ó túmọ̀ sí láti fi ẹni tí ó ga ju ni lọ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn Mùsùlùmí ń pe ọ̀nà tí Ànábì Muhammad gbà gbé ayé ní Sunna, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e láti orí àdúrà dé orí bí a ti ń jẹun, láìsí ẹnì kan nínú wọn tí ó rò pé òun yóò di ànábì. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì rọ àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n máa fara wé òun bí òun náà ti ń fara wé Kírísítì. Ní ọdún 1850, Søren Kierkegaard, onímọ̀ ará Denmark, fi ìlà pàtàkì kan sáàárín olùyìnlógo àti olùtẹ̀lé nínú ìwé rẹ̀ Practice in Christianity: olùyìnlógo a máa dúró lókèèrè níbi tí ewu kò sí, a máa pàtẹ́wọ́, a máa sunkún ayọ̀, ìgbésí ayé rẹ̀ kò sì ní yí padà, olùtẹ̀lé a máa gbìyànjú láti jẹ́ ohun tí ó ń yìn, a sì máa san ohun tí ó bá ná an. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, àwòkọ́ṣe, ti kó gbogbo èyí sínú ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, wò, kọ́ àti ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dúró sórí èkíní.

A lè fi Ken Dryden ṣe àpẹẹrẹ dídúró sórí èkíní yìí. Aṣọ́lé ikọ̀ Montreal ni Dryden láàrin ọdún 1970 sí 1979, ó sì gba ife Stanley, èyí tí àwọn ikọ̀ NHL ń dù, nígbà mẹ́fà. Nígbà tí eré bá dáwọ́ dúró, yóò gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró ṣánṣán, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí rẹ̀, yóò sì fara tì í bí àgbẹ̀ tí ó sinmi lórí ọkọ́. Kò sí ohun tí ó rọrùn láti fara wé tó ìdúró yẹn, kò sì gba ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ṣùgbọ́n ìfarabalẹ̀ tí ó bí i, èyí tí ó mú kí ayò tí ó wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn má ba èyí tí ń bọ̀ jẹ́, ọ̀tọ̀ ni iye tí ó ń ná ènìyàn. Ẹni tí ó bá mú ìdúró láìmú ìfarabalẹ̀ ti di olùyìnlógo tí ó wọ aṣọ olùtẹ̀lé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀ràn àwọn tí kò mọ eré ṣe nìkan ni èyí, nítorí pé àfarawé ni ó gbé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà dé ibi tí wọ́n dé. Gordie Howe, tí ó wọ nọ́ńbà 9, ni àwòkọ́ṣe Gretzky láti kékeré. Nígbà tí Gretzky dé ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ní Sault Ste. Marie, tí ẹlòmíràn ti gba 9, ó gba 99. Mario Lemieux dé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wọ 66, èyí tí í ṣe 99 tí a dorí rẹ̀ kodò. Ẹ̀yìn àwọ̀n tí Gretzky ti máa ń fi pásì ránṣẹ́, tí àwọn ènìyàn fi ń pe ibẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, lára Bobby Clarke, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, ni ó ti wò ó. Walter, bàbá rẹ̀, tí ó ṣe pápá yìnyín fún un lẹ́yìnkùlé, a tún máa ní kí ó fi bírò fa ọ̀nà tí pọ́ọ̀kì ń gbà sórí ìwé nígbà tí ó bá ń wo eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ọmọdé náà ń kọ́ nípa èyí kì í ṣe bí apá ẹnikẹ́ni ṣe ń lọ. Ojú inú ni, ìyẹn agbára láti rí ibi tí eré ń lọ kí ó tó dé ibẹ̀.

Orúkọ kan tún wà láàrin àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yìí tí etí Yorùbá kò lè gbọ́ kọjá. Wọ́n bí Jarome Iginla, tí Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀, ní ìlú Edmonton ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1977, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà sì ni bàbá rẹ̀. Igi ńlá ni orúkọ ìdílé náà. Ayò 625 ni ó gbá nínú NHL, ó gba wúrà pẹ̀lú Kánádà ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2002 àti 2010, òun ni ó sì fi pásì tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Sidney Crosby fi borí Amẹ́ríkà ránṣẹ́ ní Vancouver ní ọdún 2010 náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣubú lọ. Ẹni tí Iginla ń wò ní kékeré ni Grant Fuhr, aṣọ́lé Edmonton, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ife Stanley. Iginla pàápàá kọ́kọ́ ṣọ́ ilé kí ó tó bọ́ síwájú. Níbí ni àlàyé tí àròkọ yìí ti ń ṣe bọ̀ ti gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i, nítorí pé ọnà ìṣeré atamátàsé kò lè jọ ti aṣọ́lé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Iginla kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ Fuhr. Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù bá ní aláwọ̀ dúdú kì í gbá họ́kì, orúkọ kan wà lẹ́nu rẹ̀ láti fi dá wọn lóhùn. Nígbà mìíràn, kí àwòkọ́ṣe tó kọ́ ènìyàn ní bí a ṣe ń ṣe é, ó ti kọ́kọ́ fi hàn án pé àyè wà fún un.

Ewu tí ó burú jùlọ nínú àfiwé kì í ṣe ìgbéraga; ìtànra-ẹni-jẹ ni. Atamátàsé tí kì í padà sẹ́yìn láti ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yóò ní bí Ovechkin ni òun ṣe ń ṣe, kí ọ̀lẹ lè gba orúkọ rere, ṣùgbọ́n kò rántí pé gbogbo ikọ̀ Washington ni wọ́n ń gbé pọ́ọ̀kì lọ bá Ovechkin ní apá òsì nítorí pé ìgbá rẹ̀ láti ibẹ̀ ti dá a láre ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Àìpé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ní, ó wá wá ẹni tí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Olùtẹ̀lé tòótọ́ a máa ṣe òdìkejì: yóò kọ́kọ́ rí ohun tí ó dára lára ẹlòmíràn, yóò sì jẹ́ kí ìyẹn tú àìpé tirẹ̀ síta. Bí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo bá sì ń sọ ọ́, kò sí bí a ó ṣe mọ èwo ni èwo. Oríkì kì í ti ẹnu ẹni tí wọ́n ń kì jáde wá. Àwọn tí wọ́n bá a gbé, tí wọ́n rí ìwà rẹ̀, ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Lórí yìnyín náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni, tí wọ́n jìyà àṣìṣe ẹni, tí wọ́n sì jẹ èrè ìfarabalẹ̀ ẹni, ni ẹ̀rí wọn tó gbà.

Kí ẹni tí ó bá ń sọ pé bí Lidström ni òun ṣe ń gbá lọ bi ẹnì kejì tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìn léèrè bóyá ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà lórí yìnyín. Ọwọ́ ẹni yẹn nìkan ni ìdáhùn wà.